Ọwọ́ Tó Mọ Ẹja Jù

Tí o bá fẹ́ mọ bí ìdánwò bàọ́lọ́jì ṣe le tó ní ọdún 1957, ejò igbó Akọkà ni kí o lọ bi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ ní Ṣómólú ti kó ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ tán, wọ́n kó aláǹgbá tán, wọ́n kó tata tán, débi pé ejò tí ebi bá ń pa ní Akọkà ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú kó tó rí nǹkan fi panu. Gbogbo ohun tí wọ́n kó yìí ni wọ́n ń tẹ́ sórí pátákó, tí wọ́n ń fi abẹ là, tí wọ́n sì ń ya inú wọn sínú ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógójì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọbìnrin mẹ́ta péré ló wà nínú wọn, Sabina Ikúmápàyí sì ni ọ̀kan. Ọmọ ogún ọdún ni, ọmọ Ìlàjẹ. Etí ọ̀sà ní Bàrígà ni ilé wọn wà, níbi tí èéfín ẹja ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ ibẹ̀ fi ń wúkọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tíṣà wọn kán omi ọ̀sà ẹ̀kán kan sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kó wò ó. Sabina fi ojú kan sí i. Ó rí ẹranko onírun, ó rí èyí tó dà bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ó rí èyí tó ń pòòyì bí ẹni tí oyin ta, gbogbo wọn ń sáré kiri nínú omi tí òun ti ń wẹ̀ láti kékeré láìkí wọn rí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé mọ́, àfi kó máa wo inú awò yẹn.

Ṣùgbọ́n ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìdánwò ọ̀pọ̀lọ́, oògùn oorun tó fún ọ̀pọ̀lọ́ tirẹ̀ kò tó. Ọ̀pọ̀lọ́ náà jí lórí pátákó. Ó wo Sabina, ó wo abẹ, ó sì fò gba ojú fèrèsé jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́rin lára. Wọ́n ní ó ti di baálẹ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ní Abúlé Òkúta báyìí, abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Òdo ni Sabina gbà. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò ọwọ́, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Ìdánwò kejì yìí ni ti ẹja epìyà.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Rebecca ni orúkọ ìyá yìí, ṣùgbọ́n Ìyá Japhet ni gbogbo etí ọ̀sà ń pè é, nítorí ẹ̀gbọ́n Sabina ọkùnrin.

"Ẹja? Ẹja yìí náà? Ṣé ìyẹn náà ni ìdánwò?"

"Màámi, ó yàtọ̀ sí tiwa o. Wọn ò ní jẹ ẹ́."

"Wọn ò ní jẹ ẹ́. Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ wò ó ni."

"Ẹ wá gbọ́ o. Wọ́n fẹ́ wo ẹja." Ìyá Japhet nu ojú rẹ̀ nù. "Sabina, ẹja tí ìwọ nìkan ti là, tí a bá tò ó sílẹ̀, ìrù ìkẹyìn á dé ìlú ọba. Tí wọ́n bá tún wá fi ẹja lé ọ padà wálé, mi ò ní bá ọ jà. Agbọ̀n rẹ ṣì wà lókè àjà. Mo ti nu èéfín ara rẹ̀ kúrò."

Agbọ̀n yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Sabina. Agbọ̀n ẹja yíyan ni. Ìyá ìyá rẹ̀ gbé irú rẹ̀ sórí ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọjọ́ tó kú ló sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà gbé tirẹ̀ títí àtàrí rẹ̀ fi tẹ́ bí àwo. Kò sí ẹni tó gbé agbọ̀n yẹn tó tún ráyè fi ojú kan wo inú ohunkóhun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ sí. Ní agogo mẹ́fà àbọ̀, Sabina ti wọ aṣọ funfun, ó ti di ìwé mọ́ àyà, ó sì ń yọ́ ìrìn gba ẹ̀yìn ilé ìyanja kọjá, nígbà tí ọkọ̀ bàbá rẹ̀, Lazarus, gúnlẹ̀ gbì níwájú rẹ̀. Ẹja tó wà nínú ọkọ̀ náà, ká ní èèyàn ni wọ́n, wọn ì bá tó dìbò yan kánsẹ́lọ̀.

Ilé Ikúmápàyí sì ní èèwọ̀ kan. Ọwọ́ kì í kọjá ẹja tútù. Ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ojú rẹ̀ bá ti kan ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, kó jókòó tì í, kó máa là á títí ìsàlẹ̀ abọ́ yóò fi hàn. Tó bá kọjá lọ, òfìfo ni àwọ̀n ọ̀la yóò gòkè. Ìyàwó tuntun kì í kọjá. Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kì í kọjá.

"Màámi, ìdánwò mi."

"Mo mọ̀. Jókòó."

"Agogo mẹ́sàn-án ni."

"Ẹja náà ti gbọ́. Jókòó, ọmọ mi, kó o yára."

Sabina ká aṣọ funfun rẹ̀ dé ìtàn, ó sì jókòó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyí: ìka méjì á wọ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, ọ̀bẹ á fa ikùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìka á fà, gbogbo inú ẹja á sì jáde lódidi láìjẹ́ kí òróòro bẹ́, nítorí ẹja tí òróòro bá bẹ́ sí, ìkorò rẹ̀ á lé oníbàárà dé Ẹ̀pẹ́. Ohun pupa tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tí ẹja fi ń mí, òun ni wọ́n máa ń jù sẹ́yìn, ní apá òsì, níbi tí ológbò mẹ́fà ti ń tò bí ọlọ́pàá. Kò sí ẹni tó ń wẹ̀yìn kó tó jù ú. Àwọn ológbò kò sì jẹ́ kó kan ilẹ̀ rí.

Irinwó ẹja ni Sabina là. Nígbà tí ìsàlẹ̀ abọ́ hàn, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń dúró mọ́. Ó fẹ́ fi ọwọ́ kan ìyá rẹ̀ léjìká láti dágbére, ìka méjì ti fẹ́ wọ Ìyá Japhet lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò lọ́dọ̀ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi kọ́ ni ìdánwò ẹ."

Ó sáré. Ó gba Abúlé Òkúta kọjá bí ẹni tí iná ń lé, àwọn adìyẹ fò sí orí òrùlé, wọn ò sì sọ̀ kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, Munirat Rájí ń dúró dè é. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Munirat, bàbá rẹ̀ ń tẹ̀wé ní Bajulaiye, ẹ̀gbẹ́ Sabina gan-an ló sì máa ń jókòó sí.

"Sabina, o ń rùn."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀. Ológbò méjì ló tẹ̀lé ọ wọ ọgbà."

"Ṣé olùdánwò ti dé?"

"Ó ti dé. Wọ́n ní ọkùnrin náà ò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ogun Hítílà ti parí. Wọ́n ní ìròyìn òpin ogun yẹn gan-an ló bà á nínú jẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé ni orúkọ olùdánwò yìí. Ó ga, ó gbẹ, ó wọ ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tí wọ́n lọ̀ débi pé ojú ìlà rẹ̀ lè gé iṣu. Wọ́n ká etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sókè bí àṣà ìgbà yẹn, ìkápò rẹ̀ sì jìn tó àpò. Ó dúró níwájú wọn pẹ̀lú korobá ẹja ààyè kan, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

"Ọgọ́ta máàkì wà fún ẹni tó bá la ikùn ẹja rẹ̀, tí gbogbo ohun inú rẹ̀ sì wà ní àyè wọn, tí ẹyọ kan kò yẹ̀. Ogójì máàkì wà fún ẹni tó bá fi ohun mẹ́wàá hàn mí lára ẹja náà, tó dárúkọ wọn, tó sì sọ iṣẹ́ wọn. Mẹ́rin-mẹ́rin ni. Ẹni tí kò bá ní ogójì lápapọ̀ ti fìdí rẹmi. Ẹja kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìkejì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, kó jáde."

Ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń mú ẹja láàyè, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ó ń gbé e sórí pátákó. Ti Sabina ló gbé kalẹ̀ kẹ́yìn. Ìrù rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀," ló wí, bó ṣe ń gba ẹ̀yìn Sabina kọjá.

Orí Sabina sọ fún un pé: rọra. Mú abẹ kékeré, bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, gé awọ nìkan, má kan ohunkóhun nínú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́. Kó tó mí lẹ́ẹ̀kan, ìka méjì ti wọ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, abẹ ti fa ikùn, ìka ti fà, inú ẹja ti jókòó sórí pátákó lódidi, ohun pupa sì ti fò gba ejìká òsì lọ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ dúró. Ó dúró torí kò rí ẹja kejì.

Sabina wo ẹja náà. Ó mọ́ tónítóní. Ata ló kù kí wọ́n fi sí i. Ọgọ́ta máàkì ti lọ. Ogójì ló kù, ogójì náà ni wọ́n sì ń béèrè. Ìyẹn ni pé ohun mẹ́wàá ni, mẹ́wàá náà ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Tó bá gba mẹ́sàn-án, tó ṣi ẹyọ kan, agbọ̀n.

Ó tẹ́ inú ẹja náà sílẹ̀, ó ń kà á. Ọ̀nà ọ̀fun. Àpò oúnjẹ. Ìfun. Ẹ̀dọ̀. Òróòro, odidi, kò bẹ́. Ọlọ inú. Àpò ẹyin. Méje. Ó yẹ ara ẹja wò. Àpò afẹ́fẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹja léfòó ṣì lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn. Kíndìnrín wà lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá ni ọkàn.

Ọkàn ẹja kì í gbé inú ikùn. Abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gbé, nídìí ohun pupa, ibi tí ohun pupa bá sì lọ ni ọkàn ń bá a lọ. Sabina ti jù ú.

Ó wẹ̀yìn. Kò sí nǹkan nílẹ̀. Ó wo abẹ́ tábìlì, kò sí. Ó wo ojú fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn ológbò tó tẹ̀lé e láti Bàrígà jókòó síbẹ̀, ó ń fi ahọ́n nu ẹnu, ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ẹni tó ti jẹun yó.

Ní tábìlì iwájú, Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé ti dé ọ̀dọ̀ Àbáyọ̀mí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ẹnu gba ipò kìíní láti ọdún tó kọjá. Òróòro ẹja rẹ̀ ti bẹ́, gbogbo pátákó ti di àwọ̀ ewé.

"Kí ni èyí?"

"Ẹ̀dọ̀ ni, sà."

"Ìgbà wo ni ẹ̀dọ̀ di ẹ̀fọ́?"

Bírò Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé ń dún lórí ìwé, ṣíṣí, ṣíṣí, bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìpẹ́. Olùdánwò yí padà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Sabina. Munirat ní tirẹ̀ ti gbójú sókè. Ó ń ranjú mọ́ Sabina, ó ń fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìsàlẹ̀, ó tún wo ẹsẹ̀ olùdánwò, ó tún ranjú. Ojú rẹ̀ ń yí débi pé ó ku díẹ̀ kí ẹyinjú kejì bọ́ sí ihò ìkínní. Sabina rò ó pé ohun tó ń sọ ni pé: lọ kúnlẹ̀ kó o bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé dúró. Ó wo ẹja náà pẹ́.

"Èyí ti ṣe tán fún ìkòkò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ní kí o kó inú rẹ̀ jáde?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ọwọ́ rẹ."

"Mo ti la irinwó kí n tó kúrò nílé láàárọ̀ yìí, sà. Ọwọ́ mi ò tíì mọ̀ pé a ti dé ibòmíràn."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Olùdánwò yí orí, ẹ̀rín náà sì kú sí ẹni náà lọ́fun.

"Òdo nínú ọgọ́ta," ló wí, ó kọ ọ́. "Ṣé kí n kọjá, tàbí o fẹ́ máa bá a lọ?"

"Mo fẹ́ máa bá a lọ, sà."

Ó fi bírò tọ́ka. Sabina ń dáhùn. Ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà. Àpò oúnjẹ, ìfun, iṣẹ́ wọn. Ẹ̀dọ̀. Nígbà tí wọ́n dé òróòro, olùdánwò fi ìdí bírò tì í díẹ̀, ó tún tì í.

"Kò bẹ́."

"Kì í bẹ́ nílé wa, sà. Ẹni tó bá bẹ́ mọ́ lọ́wọ́, kò ní jẹun alẹ́."

Ó kọ mẹ́rin. Wọ́n kọjá sórí ọlọ inú, àpò ẹyin, àpò afẹ́fẹ́. Ó dé kíndìnrín. Nílé, ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n ń pè é, èékánná ni wọ́n fi ń ha á dànù. Ìwé nìkan ni Sabina ti mọ orúkọ rẹ̀. Ó di ojú, ó ṣí ìwé náà nínú orí rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, ó ń ṣí i lọ, olùdánwò ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Kíndìnrín, sà. Ó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀."

"Mẹ́rìndínlógójì. Ìkẹwàá."

"Ọkàn, sà."

"Mo ti gbọ́ orúkọ. Níbo ló wà?"

Sabina wo pátákó. Ó wo ológbò. Munirat bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń wúkọ́ bíi lọ́rì tó ń gun òkè, ojú rẹ̀ kò kúrò ní ìsàlẹ̀. Ó dáa, ni Sabina wí nínú ara rẹ̀, tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ló kù, màá bẹ̀ ẹ́. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó sì kúnlẹ̀.

"Dìde," ni Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé wí. "Mi ò fi ìkúnlẹ̀ fúnni ní máàkì."

Sabina kò dìde. Ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ẹsẹ̀ ṣòkòtò olùdánwò. Nínú ìkápò ti òsì, níbi tó ti jìn tó àpò, ohun pupa kan jókòó.

"Mo ní kí o dìde."

"Sà, ó wà lára yín."

"Kí ló wà lára mi?"

"Ọkàn ẹja mi, sà. Ó wà nínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín, ti òsì. Èmi ni mo jù ú. Ẹ jọ̀ọ́, sà, nílé wa, ológbò ló máa ń wà níbi tí ẹ gbà kọjá yẹn."

Ìyàrá náà dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan ń gé irun ní Bajulaiye. Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n nù. Ó kàn na ẹsẹ̀ náà síwájú díẹ̀.

"Fi hàn mí."

Sabina fi ìka méjì mú un. Ìka náà fẹ́ yára. Ó dá a dúró, ó rọra gbé ohun pupa náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ọkàn náà wà níbẹ̀, kò ju èso ẹ̀wà lọ. Ó lù. Ó dúró. Ó lù.

Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn. Irinwó ni Sabina ti là láàárọ̀ ọjọ́ náà, àìmọye ẹgbẹ̀rún ló ti là láyé rẹ̀, kò rí èyí rí. Àwọn ológbò ló ń rí i.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ síbi ohun pupa yìí, sà, kó lọ gba afẹ́fẹ́ nínú omi, kí ẹ̀jẹ̀ náà tó lọ káàkiri ara."

"Yàrá mélòó ló ní?"

"Méjì, sà. Tiwa ló ní mẹ́rin."

"A ti yọ ọ́ kúrò lára ẹja. Ta ló ń sọ fún un pé kó máa lù?"

Sabina ronú. Ó wá a nínú ìwé orí rẹ̀, ojú ewé ibẹ̀ funfun. Ó mọ̀ pé tí òun bá purọ́, ọkùnrin yìí á mọ̀. Tí òun kò bá sì dáhùn, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí.

"Mi ò mọ̀, sà."

Bírò náà dúró lókè ìwé. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́ tó kí èèyàn fi ẹsẹ̀ lọ sí Ìlórin lọ ra iṣu bọ̀. Ọkàn inú àtẹ́lẹwọ́ Sabina lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Kò sí nínú ìwé tiyín," ni Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé wí. "Ti ọdún kẹta ló wà." Ó kọ mẹ́rin, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ogójì. "Fọ ọwọ́ rẹ."

Kò rẹ́rìn-ín o. Ó parí tábìlì tó kù, ó di àpótí rẹ̀, ó jáde. Ológbò ojú fèrèsé àti èkejì rẹ̀ dìde, wọ́n gbóòórùn ẹsẹ̀ ṣòkòtò òsì, wọ́n sì tẹ̀ lé e tìlù-tìfọn gba ojú ọ̀nà Bajulaiye lọ. Bàrígà kò rí wọn mọ́.

"Mo ń fi ojú sọ fún ọ láti àárọ̀," ni Munirat wí níta, ó ń nu òógùn. "Ojú mi ò tíì padà sí ipò ẹ̀."

"Mo rò pé o ní kí n bẹ̀ ẹ́ ni."

"Bẹ ẹni yẹn? O ti bẹ ògiri rí?"

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ọkọ̀ Lazarus gúnlẹ̀, Sabina jókòó ti ẹja bí èèwọ̀ ilé ṣe wí. Ó la àkọ́kọ́, ó fẹ́ ju ohun pupa sẹ́yìn, ó dá ọwọ́ dúró. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ológbò mẹ́rin tó kù ń wò ó bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè.

"Ọwọ́ kì í dúró lórí ẹja," ni Ìyá Japhet wí.

"Mo ń kà á ni, Màámi. Ó ṣì ń lù."

"Kí ló ń lù?"

Ìyá Japhet fà súnmọ́ ọn, ó tẹ orí tó ti tẹ́ bí àwo yẹn mọ́lẹ̀, ó wò ó. Lókè wọn, lórí àjà, adìyẹ kan ti wọ inú agbọ̀n tí wọ́n nù, ó ti yé ẹyin méjì síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lé e.

"Mélòó ló ti lù?"

"Ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n gbàgbé ibi tí mo kà á dé."

Ìyá Japhet nawọ́ sínú abọ́, ó mú ẹja mìíràn. Ó là á, ó fà á, ó wo ohun pupa náà, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ká bẹ̀rẹ̀ láti oókan."